Gbọ̀rọ̀ Tí Ayaba Fà Tu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò, ó ré ọ̀sà kọjá, ó balẹ̀ sórí Ayaba Ìbídùn, Akàn, àti gbọ̀rọ̀ etí òkun.

Ìlú òkè ni wọ́n ti fẹ́ Ìbídùn wá fún ọba etí òkun. Nílé tiwọn, ìyàwó tó bá jẹ́ kí koríko hù níwájú ilé, ọ̀lẹ ni. Ìbídùn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilẹ̀ mọ́, ó rí ewé kan tó fà bo òkìtì iyanrìn níwájú ààfin.

Ó ní, "Kí ni èyí?"

Akàn yọjú nínú ihò. Ó ní, "Gbọ̀rọ̀ etí òkun ni, Olorì. Kò sí níbòmíràn."

"Ṣé wọ́n ń sè é?"

"Wọn kì í sè é."

"Gbọ̀rọ̀ tí wọn kì í sè, koríko ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fà á tu. Akàn forin bẹ̀ ẹ́:

Olorì, ẹ fi í sílẹ̀ o,
Tẹ́rẹ́nà.
Ewé ló di iyanrìn mú,
Tẹ́rẹ́nà.
Iyanrìn ló dí òkun lọ́nà,
Tẹ́rẹ́nà.

Ìbídùn ní, "Akàn tí kò lórí, ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ní ilẹ̀ gbígbá?"

Lọ́jọ́ kìíní, ó tu ti iwájú ààfin. Atẹ́gùn gbé iyanrìn sínú ọbẹ̀ ọba. Ọba ń jẹ ẹ́, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì bẹ́ẹ̀, ìyàwó tuntun ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó tu ti ìdí àgbọn. Akàn kọrin, kò gbọ́. Igi àgbọn mẹ́ta wó.

Lọ́jọ́ kẹta, ó tu gbogbo rẹ̀ tán, ó tún fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ilẹ̀ mọ́ fónífóní. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Òkun fi rí ọ̀nà. Òkun dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ààrò lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Òkun ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbálẹ̀ dè mí."

Ọba ní kí gbogbo ìlú di ẹrù, ilé ti bàjẹ́. Ìbídùn jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Mo ti ba ilé ọkọ mi jẹ́. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ gbìn ín padà, ibo ni mo ti fẹ́ rí i?"

Akàn bá jáde. Ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ó ń wọ́ nǹkan bọ̀. Ìtàkùn gbọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ó ní, "Mo wọ́ ọ wọ ihò nígbà tí ẹ kò gbọ́ tèmi. Òun nìkan ló kù láyé, Olorì. Ẹ tètè gbìn ín."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìbídùn fi gbìn ín. Ó hù. Ó fà. Ó ń sáré lórí iyanrìn, iyanrìn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Òkun wò ó, ó kùn, ó padà sẹ́yìn. Ọba mí kanlẹ̀. Ará ìlú tú ẹrù wọn. Ìbídùn rẹ́rìn-ín, omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Ara tu gbogbo wọn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní gbọ̀rọ̀ ayaba títí dòní, bẹ́ẹ̀ ayaba kankan kò sè é rí. Bí ẹ bá sì dé etí òkun, ẹ wo ewé rẹ̀. Orí rẹ̀ là sí méjì. Ibi tí ọwọ́ Akàn ti gé e nìyẹn, nígbà tó ń wọ́ ọ sá pamọ́.

Bí mo bá purọ́, kí akàn mú mi ní àtàǹpàkò. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ó mú mi?

Kò mú yín.