Orúnkún Tí Ó Wọn Ẹnu Ọ̀nà

"Orúnkún ni í wọn ẹnu ọ̀nà ilé ooru." Òwe yìí kì í ṣe àjèjì sí etí ẹni tí ó bá dàgbà sí agbègbè Òkè-Ìrókò. Wọ́n máa ń pa á níbi tí wọ́n bá ti ń wá ìyàwó fọ́mọ, wọ́n máa ń pa á níbi tí wọ́n bá ti ń pín ilẹ̀ oko, àwọn ọmọdé pàápàá a máa fi dá ara wọn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ti jókòó bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni orúnkún ní í ṣe pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà? Bí ẹnu ọ̀nà bá kúrú, orí ni í gbá. Kí ló dé tí àwọn àgbà kò fi sọ pé orí ni? Ìdí rẹ̀ ń bẹ, ẹ̀yìnkùlé obìnrin kan ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwẹ̀ró ni obìnrin náà ń jẹ́. Ìkòkò ni ó ń mọ. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn amọ̀kòkò wa lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ìkòkò kì í yí, ẹni tí ń mọ ọ́n ni í yí. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí amọ̀ po, ọwọ́ a máa fà, ẹsẹ̀ a máa sún, títí amọ̀ yóò fi di ikùn, tí ikùn yóò sì fi yọ ọrùn. Ogójì ọdún ni Àwẹ̀ró fi ń yí po báyìí. Nígbà tí ó di ọdún tí à ń wí yìí, làkúrègbé ti wọ̀ ọ́ ní orúnkún méjèèjì. Láti orí ẹní dé iwájú ilé, ògiri ni ó ń dì mú. Ẹ̀yìnkùlé tí ó ti ń sun ìkòkò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, ó máa ń ní kí Ìbídùn ọmọ rẹ̀ obìnrin bu omi wọ́n amọ̀ tí ó wà ní igun ilé, kí ó má baà gbẹ.

"Ọyẹ́ ń bọ̀," ni ó máa ń wí. "Bí ó bá bá orúnkún mi báyìí, mi ò tún ní yí ìkòkò po mọ́ láyé."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́tókun, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dé egungun. Àgbẹ̀ olóbì ni, ó sanlẹ̀, ó lágbára, ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ó ti gbọ́ nípa ilé ooru, yàrá kékeré tí wọ́n ń mọ sí ẹ̀yìnkùlé fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Wọn a yan òkúta lójú iná títí yóò fi pọ́n, wọn a kó o sínú ìkòkò nínú yàrá náà, wọn a wá bu omi ewé lé e lórí. Ooru a sọ, a kún inú ilé bámúbámú. Aláìsàn a jókòó síbẹ̀, a làágùn, oríkèé tí ó ti gan a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀. "Ìyá, mo fẹ́ mọ ilé ooru fún yín kí ọyẹ́ tó dé. Àmọ́ wọ́n ní oríṣiríṣi ló wà. Mo fẹ́ lọ fojú ara mi rí wọn, kí n yan èyí tó dára jù."

Inú Àwẹ̀ró dùn. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o yàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: orúnkún ni kí ẹ fi wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀."

"Orúnkún?"

"Orúnkún o. Má gbàgbé."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nínú ilé amọ̀kòkò, ara ènìyàn ni ọ̀pá ìwọ̀n. Ìkòkò tí ó ga dé kókósẹ̀, kókósẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ó ga dé orúnkún, orúnkún ni. Àmù ńlá tí ó ga dé ìbàdí, ìbàdí ni. Bí oníbàárà bá dé tí ó ní, "Ẹ bá mi mọ orúnkún méjì," kò sí ẹni tí yóò bi í pé orúnkún ta ni. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n bí Ọdẹ́tókun sí, inú rẹ̀ ni ó dàgbà sí. Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ pé orúnkún, gíga ni ó gbọ́. Bí ó ti ń jáde, ó mú okùn kan, ó fi wọn ìkòkò orúnkún tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ta á ní kókó, ó sì kì í bọ àpò.

Ilé ooru mẹ́ta ni ó lọ wò. Èkíní wà nílé ọlọ́rọ̀ kan lọ́nà odò. Ilé náà tóbi, ogún ènìyàn lè jókòó síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ga débi tí aláàárù fi lè gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n bu omi sí òkúta, ooru gòkè, ó ń wá àjà kiri. Onílé ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ó ń bọ̀." Ooru náà ń bọ̀ títí Ọdẹ́tókun fi dìde lọ.

Èkejì wà ní abà kan. Ẹní ni wọ́n ta mọ́ igi yíká. Ìyẹn gbóná kíákíá, ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó tí òógùn ń bọ̀, afẹ́fẹ́ kan dé, ó gbé ẹní sókè, gbogbo abà sì rí ìdí Ọdẹ́tókun. Àwọn obìnrin tí ń pa ẹ̀pà kí i pé ó kú ìwẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi kọ́ ni afẹ́fẹ́ yóò máa ṣí láṣọ."

Ẹ̀kẹta ni ó wọ̀ ọ́ lójú. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó rí rìbìtì bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kéré. Ọdẹ́tókun da ikùn délẹ̀, ó rá wọlé, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó jáde, òógùn ń kán lára rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa, ẹ̀yìn tí ó ti ń dùn ún láti ìgbà ìkórè obì sì ti fúyẹ́. Ó fa okùn yọ, ó fi wọn ẹnu ọ̀nà náà. Kókó okùn àti òkè ẹnu ọ̀nà ṣe rẹ́gí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi mọ nǹkan! Wọn ò kúrò nílé, wọ́n sì ti mọ èyí tí mo máa yàn."

Ó pe Ṣàngódèyí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí í ṣe mọlémọlé. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ibi iṣẹ́ ká kí ó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ìyá. Nígbà tí ó kan ẹnu ọ̀nà, Ọdẹ́tókun na okùn sí i.

Ṣàngódèyí wo okùn, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọdẹ́tókun, ṣé ènìyàn ló fẹ́ wọ ibẹ̀ ni, àbí pẹ́pẹ́yẹ?"

"Ìyá fúnra wọn ló sọ ọ́. Wọ́n ní orúnkún, wọ́n ní kí n má gbàgbé."

"Bó bá jẹ́ ẹnu Ìyá ló ti jáde, ó parí. Ẹni tó ti ń mọ ẹnu ìkòkò láti ogójì ọdún kò lè ṣàìmọ ẹnu ilé."

Ìbídùn tí ó bu omi wá fún wọn dúró, ó ń wo ihò náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fi han Ìyá?"

"Ìyàlẹ́nu ni. Pa ẹnu rẹ mọ́."

Ìbídùn gbé ìkòkò omi rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ tí ilé pé, àwọn aládùúgbò wá bá wọn yọ̀. Òkúta ti pọ́n, ẹfinrin àti ewé ọsàn ti ń ta sánsán. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, Ìbídùn sì dì í mú títí dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò. Àwẹ̀ró fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń ra ara ìkòkò tuntun. "Ó jọ̀lọ̀," ni ó wí. "Ṣàngódèyí, ọwọ́ rẹ dá ṣáṣá. Ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Òun nìyí, Ìyá," ni Ọdẹ́tókun wí.

Gbogbo ojú wo ilẹ̀. Bàbá àgbà kan láàárín èrò ní, "Ẹ tètè gbé nǹkan dí i o, kí ewúrẹ́ mi tó sọ ọ́ dilé!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí bí ó ti ń dán. Kò fẹ́ dójú tì í láàárín èrò. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Ìbídùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ó ní òun yóò kúnlẹ̀. Orúnkún ká díẹ̀, ó kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ó ká díẹ̀ sí i, igbe sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró báyìí, kò lè lọ sílẹ̀, kò lè gòkè, ooru sì ń rú jáde lẹ́nu ihò náà, ó ń fi òfo lọ. Ọdẹ́tókun sáré gbé e dìde. Òógùn tí ó tìtorí rẹ̀ wọ ilé ooru mẹ́ta ti bo ìyá rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ooru.

"Ìyá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ẹ̀yin lẹ ní orúnkún."

"Orúnkún ta ni o fi wọ̀n?"

"Ti… ti ìkòkò."

Ẹ̀rín wá ti inú Àwẹ̀ró bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń hó. "Ọdẹ́tókun ọmọ mi, làkúrègbé kì í ṣe ìkòkò! Orúnkún tèmi yìí, èyí tí kò ṣe é ká, ni mo ní kí ẹ fi wọ̀n. Ilé mẹ́ta lo wọ̀, orúnkún ta ni o gbé wọ ibẹ̀?"

"Tèmi ni, Ìyá." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ọkọ́ ni ó lọ mú, ó fẹ́ wó ilé náà pátápátá.

"Ta ní ní kí o wó o?" ni Àwẹ̀ró wí. "Ooru rẹ̀ dára, ó ń kàn mí lójú níbí. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ há, ẹnu là ń gé, a kì í fọ́ ìkòkò. Gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀. Ṣàngódèyí, wá wò mí bí mo ṣe ń rìn."

Ó gba ọ̀pá rẹ̀, ó rìn lọ bá ògiri bí ó ti máa ń rìn gan-an, ìbàdí rẹ̀ tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ibi tí iwájú orí rẹ̀ ti kan ògiri, Ṣàngódèyí fi èédú sàmì síbẹ̀. Ó ní kí Ìbídùn dúró tì í, nítorí òun kò lè dá wọlé, wọ́n sì sàmì fífẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi òkìtì kankan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ òun kì í gbé sókè. Ó ní kí wọ́n mọ ìjókòó gíga sínú ilé, nítorí bí òun bá jókòó sílẹ̀ tán, àfi kí wọ́n fa òun dìde. Ní ti ooru tí yóò fẹ́ jáde, ó ní kí wọ́n ta ẹní méjì tó nípọn sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fi aṣọ kíjìpá tí a rẹ sómi bò ó. Ògiri kò tíì gbẹ tán, àdá ń wọ̀ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti parí.

Àwẹ̀ró fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ọdẹ́tókun jókòó síta, ó fi etí sí ara ẹní. Ó pẹ́ díẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ìyá, ṣé ó gbóná?"

"Dákẹ́, jẹ́ kí n gbádùn ara mi."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yan òkúta. Ọyẹ́ dé, ètè là, ewé gbẹ. Ní òwúrọ̀ kan tí ìkùukùu ṣì bo òkè, Ọdẹ́tókun ń bọ̀ láti kí ìyá rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ìró kan tí kò gbọ́ láti ọdún tí ó kọjá: ìró àtẹ́lẹwọ́ lára amọ̀ tútù. Ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì, ọwọ́ kan wà léjìká Ìbídùn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po. Kò yá, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe pé làkúrègbé lọ tán. Ṣùgbọ́n ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé ọwọ́ kúrò léjìká ọmọ rẹ̀.

Ìkòkò orúnkún ni ó mọ. Nígbà tí wọ́n sun ún tán, ó pe Ọdẹ́tókun wá, ó ní kí wọ́n gbé e fún un. Ó ní, "Gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Orúnkún ìkòkò nìyẹn." Ó wá fi ọwọ́ lu orúnkún ara rẹ̀ pọ́pọ́. "Tèmi nìyí. Má tún ṣì í mú."

Ibẹ̀ ni òwe yìí ti jáde. Nígbà tí òbí bá ń yan iṣẹ́ fún ọmọ tí kò bi léèrè, tí ẹbí bá ń kọ́lé fún arúgbó tí wọn kò pè síbẹ̀, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá ń fi ohun tí ó wọ̀ ọ́ lára wọn ohun tí ẹlòmíràn yóò lò, àgbà tí ó bá jókòó níbẹ̀ yóò wúkọ́ díẹ̀, yóò ní: "Ẹ rọra o. Orúnkún ni í wọn ẹnu ọ̀nà ilé ooru." Bí wọ́n bá sì dá a lóhùn pé àwọn ti wọ̀n ọ́n, yóò tún bi wọ́n pé, "Orúnkún ta ni?"