Ìdí Tí Ẹtu Fi Ń Ta Gìrì Lójú Oorun

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì ní ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹtu ni oorun rẹ̀ dùn jù nínú gbogbo ẹran. Bí igi ńlá bá wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni.

Àwọn ẹran máa ń ṣọ́ ọ̀nà odò nítorí Ẹkùn nígbà náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Àṣà wọn ni pé aboyún kì í ṣọ́nà. Bó bá kan aboyún, ará ilé mìíràn á gbà á.

Lọ́dún tí ọ̀dá dá, Ẹkùn kó wá sí etí odò gan-an. Ni kálukú bá ń wá àwáwí. Ẹsẹ̀ ń dun Òkété, àna Ọ̀yà sì ń kú léraléra. Ìgalà, olórí wọn, wá ní kí Ẹtu máa ṣọ́nà lójoojúmọ́, nítorí etí rẹ̀ ló mú jù. Oyún Ẹtu sì ti yọ sójú.

Òòrẹ̀ àgbà, tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo wọn, bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní ohun tí aboyún bá rí, ọmọ inú ti rí i.

“Ìyá àgbà, Ẹkùn ò ní fọwọ́ kàn án,” ni Ìgalà wí. “Bó bá ti rí i, kó ké, kó sì sá. Kí ni yóò ṣe ọmọ inú?”

Ẹtu lọ, torí ẹni tó máa gbà á kò sí. Ojoojúmọ́ ló ń rí Ẹkùn, ojoojúmọ́ ni àyà rẹ̀ ń já. Ẹkùn kò rí ẹnikẹ́ni pa jẹ lọ́dún náà, àwọn ẹran sì yin ara wọn.

Ẹtu bí ọmọbìnrin, ó sọ ọ́ ní Ìbídùn. Ọmọ náà lẹ́wà, ara rẹ̀ sì pé, àmọ́ kò lè sùn. Ewé á já bọ́, á ta gìrì. Ìyá rẹ̀ á jókòó tì í, á máa sọ fún un pé òjò ti rọ̀, Ẹkùn sì ti lọ. Asán ni.

Ẹtu ní bí ọmọ náà bá dàgbà, ẹ̀rù náà yóò fi í sílẹ̀. Ìbídùn dàgbà, ó sì bí ọmọ tirẹ̀ ní àkókò àlàáfíà, ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ Ẹkùn rí. Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ló ta gìrì.

Ẹtu mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ bá Òòrẹ̀, ó ń sunkún.

“Nígbà tí Ìbídùn wà nínú rẹ, irúgbìn ọmọ tirẹ̀ ti wà nínú òun náà,” ni Òòrẹ̀ wí. “Ẹ̀rù tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, àwọn méjèèjì ló mu ún.”

“Ìyá àgbà, ẹ fún mi ní ewé tí mo lè fi wẹ̀ wọ́n.”

Òòrẹ̀ ní òun kò mọ ewé kankan. Ìgalà wá tọrọ àforíjì nígbà tó gbọ́. Ẹtu ní òun ti gbọ́, kò sì wo ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹtu kò ti sun àsùngbádùn mọ́. Bí ẹ bá rí i tó ń ta gìrì níbi tí kò séwu, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ńlá rẹ̀ ló rí Ẹkùn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé Ẹkùn ti lọ kó gbà gbọ́.