Ìjàpá àti Ohùn Píánò Méjì tó wà Lọ́fun Odídẹrẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ la etí. Ààlọ́ o.

— Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí igi, kò bà lórí òrùlé. Orí Ìjàpá ló bà, òun tí ẹ kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibo ni ohùn náà lọ?

— A ò mọ̀.

Ẹ ó mọ̀.

Yánníbo, aya Ìjàpá, se iṣu fún ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ó ní ológìnní ni. Yánníbo ò jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó sọdá odò, ó padà sílé bàbá rẹ̀.

Ilé wá dá páropáro. Ìjàpá á jí, á ní "Ẹ káàárọ̀", ògiri ò ní dáhùn. Á bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, á wo abọ́ kejì títí, á wá jẹ ìyẹn náà. Kò dùn.

Ó ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí àna rẹ̀. Àna ní, "Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, dúró létí odò níhà tìrẹ. Fi ẹnu ara rẹ kọrin ẹ̀bẹ̀, kí o dárúkọ ohun tí o ṣe. Bí ó bá wọ ọmọ mi lára, yóò wọ ọkọ̀ padà."

Ìjàpá gba ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́ lọ, kó lè bá a gbe orin náà. Ẹyẹ yìí, ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ. Ó ti bà sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ píánò ńlá tó na gbalaja bí ibùsùn ọba. Ó ti bà sí ti ilé tíṣà, ó gbọ́ píánò kékeré tó dúró ti ògiri. Eyín wọn tí à ń tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí a rọra tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí a gbá a, gbogbo rẹ̀ ló kó sọ́fun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ méjèèjì."

Ti ńlá jáde, ewé igi gbọ̀n. Ti kékeré jáde, ó tutù. Eyín rẹ̀ kan ń dún kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ìjàpá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ fèrèsé tíṣà yẹn ni òun àti Yánníbo ti máa ń jókòó gbọ́ ọ.

"Mú kékeré," ni Odídẹrẹ́ wí. "Ó ń fi àyè sílẹ̀ fún olórin. Ńlá ń jókòó sórí gbogbo àga."

"Ńlá ni mo fẹ́." Nínú ara rẹ̀ ó ní, bí ó bá bo ohùn òun, ta ni yóò mọ̀ pé òun ò dárúkọ iṣu?

"Kí ni wàá fún mi?"

"Agbọ̀n ẹyìn kan."

"Ó dáa. Bí n ò bá rí ẹyìn, n ò ní dákẹ́ o."

Ẹ̀rín pa Ìjàpá. Àìdákẹ́ gan-an ló ń wá. Ẹyìn kan ṣoṣo ò sí nílé rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà pé. Yánníbo ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ ní òdìkejì. Odídẹrẹ́ gbé ohùn píánò ńlá. Ìjàpá ń ju ẹnu lásán.

Yánníbo na etí. "Bàbá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn rẹ̀?"

"Ayẹyẹ ni mo ń gbọ́, ọmọ mi. Ó jọ pé ara tu ọkọ rẹ."

Yánníbo fa ẹsẹ̀ jáde nínú ọkọ̀.

Ìjàpá yíjú sí Odídẹrẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́."

"Ẹyìn mi dà?"

"Ìyàwó mi ń lọ."

"Mo rí i. Ẹyìn mi dà?"

Ìjàpá wá kígbe ní tòótọ́: "Yánníbo, èmi ni mo jẹ iṣu ìyá rẹ. Kì í ṣe ológìnní." Ó kígbe títí ọ̀fun rẹ̀ fi ya. Píánò bo gbogbo rẹ̀. Yánníbo ti lọ.

Ó rẹ Odídẹrẹ́ níkẹyìn. Ó wo Ìjàpá, àánú ṣe é, ó rọra gbé ti kékeré láìgba ẹyìn. Àyè ṣí sílẹ̀ wàyí. Ìjàpá la ẹnu. Èémí nìkan ló jáde, híìì. Ó fa orí wọlé.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá ò fi ní ohùn mọ́ dòní, àfi híìì. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á fa orí sínú ilé tí kò gba ẹnìkejì.

Ẹ̀bẹ̀ yín, ẹ fi ẹnu yín bẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín tó kù lẹ́nu mi má gé iṣu mọ́. Ó yá, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín.