Ìjàpá Túmọ̀ Lẹ́tà fún Àdàbà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wàì, ó gba etí odò kọjá, ó gba inú oko kọjá, kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, àfi ọ̀dọ̀ Àdàbà kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró, àti ọ̀dọ̀ Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, ẹni tó lóun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ dákẹ́ ariwo.

Àwẹ̀ró ní ọkọ. Àdìgún lorúkọ ọkọ rẹ̀, Àdàbà lòun náà. Lọ́dún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Yánmọtí tí wọ́n gbìn gbẹ mọ́lẹ̀. Àdìgún ní, "Àwẹ̀ró, wọ́n ní àgbàdo ń dà sílẹ̀ láti inú àpò ní èbúté lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Jẹ́ kí n lọ wò ó. Kí yánmọtí ọdún tó ń bọ̀ tó yọ òdòdó, mo ti dé."

Ó fò lọ. Yánmọtí yọ òdòdó, Àdìgún ò dé. Wọ́n kórè rẹ̀, kò dé. Ọdún kejì tún yí po, kò dé.

Àwẹ̀ró ò fẹnu kan yánmọtí yẹn o. Ó kó o sínú àká, ó ní ọkọ òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àràárọ̀ ló ń gbá ìdí igi wọn. Bí oòrùn bá ń wọ̀, á bà lé ẹ̀ka tó kọjú sí ọ̀nà èbúté, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àdìgún, ibo lo wọ̀ sí?
*Kúkúrúkúù, máa bọ̀ nílé.*
Yánmọtí ti kún àká.
*Kúkúrúkúù, máa bọ̀ nílé.*
Ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún ti tutù.
*Kúkúrúkúù, máa bọ̀ nílé.*

Ẹ ṣeun. Ohùn yín dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lékeléke ti ọ̀nà èbúté dé. Ó gbé ewé pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró.

"Ìyàwó Àdìgún, lẹ́tà ọkọ rẹ rèé. Òkè àjà ilé ìwé kan ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹyẹlé. Àwọn ló bá a kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ. Mò ń padà kọjá níbí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí òní. Bí èsì bá wà, kó o fún mi. Ó ní bí òun ò bá rí èsì, òun á mọ̀ pé o ti gbàgbé òun."

Àwẹ̀ró tú ewé náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ó yí i sókè, ó yí i sódò. Ó gbé e lé àyà, bóyá àyà á gbọ́ ohun tí ojú ò gbọ́. Ọdún méjì gbáko, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò sì mọ ọ̀kan nínú wọn. Ló bá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Ìjàpá.

Ṣé ẹ mọ ibi tí Ìjàpá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Tíṣà kan ló mú un so mọ́ ẹ̀yìn ilé ìwé. Ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ kó tó já okùn sá lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ti di ọ̀mọ̀wé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi ka lẹ́tà ọkọ mi."

Ìjàpá hú ikọ́. Ó gbé ewé náà jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. "Áì," ó ní, "èyí ni èmi. Yú, èyí ni ìwọ. Èyí tó wà láàárín..." Ó fi èékánná kàn án. "Míìsì."

Ẹ̀yin ará mi, Ìjàpá ò mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe nínú lẹ́tà. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọge kan wà nílé ìwé ọjọ́un, tí àwọn ọmọ ń pè ní Míìsì láti àárọ̀ dalẹ́. Ó tún mọ̀ pé àká ẹnì kan kún fún yánmọtí.

"Èmi. Míìsì. Ìwọ. Wò ó fúnra rẹ, Àwẹ̀ró. Ta ló wà láàárín ìwọ àti ọkọ rẹ?"

"Ta ni Míìsì?"

"Ọmọge ìlú òyìnbó ni. Ó ń wọ bàtà gogoro. Ọkọ rẹ ti fẹ́ ẹ, ó ní kóun jẹ́ kó o mọ̀."

Àwẹ̀ró ò sunkún. Ó ní, "Ṣé ó rẹwà?"

"Ó rẹwà díẹ̀," ni Ìjàpá wí. "Ta lo tún wá ń tọ́jú yánmọtí dè? Máa gbé e wá, kí n máa rí okun fi kọ èsì. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tébi ń pa."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ru yánmọtí. Ìjàpá ń yan án, ó ń jẹ ẹ́, òróró ń dán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, àká gbẹ.

"Kí ni kí n kọ sí i?"

"Ẹ kọ ọ́ pé kó jókòó ti Míìsì rẹ̀. Kó má wá mọ́." Ó yí padà, ó ń lọ. Ó rìn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tún padà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè kọ ọ́ kó má fi bẹ́ẹ̀ le?"

Kọ kí ni? Ìjàpá ò mọ ìwé kọ! Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó gbọ́ ìyẹ́ Lékeléke lókè. Ó ṣa èédú kan, ó tẹ́ lẹ́tà Àdìgún síwájú, ó ń wò ó ṣe sórí ewé mìíràn, wọ́gọwọ̀gọ, bí ipa ekòló. Ó ní, "Ta ló máa mọ̀?" Lékeléke gbé e lọ.

Àwẹ̀ró ò lè fara da ojú aládùúgbò mọ́. Ó kó lọ sí òdìkejì odò, ó ń gbé orí igi kúkúrú kan. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ẹnu rẹ̀ á là fún orin, á sì pa á dé.

Òjò dé. Àdìgún dé pẹ̀lú òjò! Ó bá ìdí igi láìgbá, ó bá àká lófìfo. Ó ń fò láti igi dé igi, ó ń kọrin. Ẹ gbè é fún un:

Àwẹ̀ró, ibo lo wọ̀ sí?
*Kúkúrúkúù, máa bọ̀ nílé.*
Mo délé, ilé ò dáhùn.
*Kúkúrúkúù, máa bọ̀ nílé.*

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ lódìkejì odò. Ara rẹ̀ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó yọjú, ó rí i létí omi. Òjò ti pa á gbindin, ìyẹ́ rẹ̀ ti já. Òun nìkan ni.

Ó pè é láti òkèèrè. "Míìsì rẹ dà?"

"Míìsì wo?"

"Èyí tó wà nínú lẹ́tà rẹ. Èyí tó wà láàárín wa."

Àdìgún ò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tó yé e, ó jókòó sórí iyanrìn bọ̀ọ̀. "Àwẹ̀ró, ènìyàn kọ́. Wọ́n ń pe ọmọge bẹ́ẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá ń jẹun, tí oúnjẹ kò lọ nítorí ẹnì kan ò sí nítòsí, míìsì náà nìyẹn. Àárò rẹ ń sọ mí, ohun tí mo ní kí wọ́n kọ nìyẹn. Àárò. Ìwọ náà sì kọ ọ́ sí mi! Òun ni mo rí tí mo fi fò láìsinmi."

Ó mú ewé onípa ekòló jáde. Àwẹ̀ró fò kọjá odò, ó wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó sunkún, gbogbo èyí tí kò sun tẹ́lẹ̀.

Wọ́n pe gbogbo ẹranko jọ sí ẹnu ọ̀nà Ìjàpá. Àdìgún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka èsì tí ẹ bá ìyàwó mi kọ sétí ìgbìmọ̀."

Ìjàpá ní, "Ó ní kó o jókòó ti Míìsì rẹ."

Àdìgún gba lẹ́tà tirẹ̀ lọ́wọ́ Ìjàpá, ó tẹ́ ewé méjèèjì síra. Ọ̀kan náà ni wọ́n, àní ẹni tí kò mọ̀wé rí i. Ariwo ta. Ọ̀bọ sọ ẹyìn kan sí Ìjàpá. Ẹyìn tàsé, ó lọ ba ògiri. Àdìgún ní, "Ìyẹn náà, míìsì ni wọ́n ń pè é." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń sọ òmíràn. Ìjàpá rákòrò wọ abẹ́ ewé gbígbẹ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé abẹ́ ewé la ti ń bá a títí dòní, kì í sì í lanu sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Ti Àdàbà ńkọ́? Àká ti gbẹ, ọdún méjì yẹn ò sì padà. Tọkọtaya náà sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ṣa èso koríko jẹ. Ẹ wò wọ́n lójú ọ̀nà oko. Méjìméjì ni wọ́n ń rìn. Bí ọ̀kan bá yà sẹ́yìn igbó díẹ̀, èkejì á gbé orí sókè, á dáwọ́ oúnjẹ dúró, á pè é. Kò ní tún ṣa ẹyọ kan mọ́ títí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ibi tí mo gbé àlọ́ mi dé rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ohùn mi ha kílẹ̀ tó mọ́.