Ohùn Olóyè Nínú Ìgbìmọ̀ Ìkọ̀kọ̀
Ẹ wá gbọ́ ti Fadérera, opó tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, lọ́jọ́ tí Olóyè Agboọlá, alága ìgbìmọ̀ tó ń wádìí iná ọjà wa, mú un wọ yàrá ìgbìmọ̀, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì mú un búra pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò ní ti ẹnu rẹ̀ jáde. Olóyè wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó jẹ́rìí pé Ọ̀sundíjì télọ̀ ló dáná sun ọjà kí wọ́n lè lé e kúrò nílùú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gba ìsọ̀ Fadérera. Gbogbo ọjà ló wà níta, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Fadérera na etí. "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ̀rọ ata ti ba etí mi jẹ́. Ọkọ mi pariwo mọ́ mi títí ó fi kú, n ò gbọ́ ìdajì. Ẹ bá mi sún mọ́ fèrèsé, kí n lè rí ẹnu yín. Etí àwa tó ń lọ ata ò kúkú mú." Olóyè sún mọ́ fèrèsé, ó tún un sọ. "Hẹ̀n?" ni Fadérera wí. Inú bí Olóyè, ó lọgun: "Mo ní kó o purọ́ mọ́ Ọ̀sundíjì pé òun ló dáná sun ọjà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ màá gba ìsọ̀ rẹ!" Ọ̀sundíjì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn níta: "Mo gbọ́ o, Bàbá!" Ni ọjà bá hó yèè. Olóyè kọjú sí Fadérera: "Obìnrin yìí, o ti tú àṣírí ìgbìmọ̀!" Fadérera kúnlẹ̀. "Èmi kẹ̀? N ò tíì sọ nǹkan kan o. Etí mi ni ò dáa, Bàbá. Ohùn yín dáa gan-an."