Ohun Tí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Jí Lọ́wọ́ Ẹṣin

"Àlọ́ o."

"Àlọ̀."

Àlọ́ mi gba etídò lọ, ó bá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níbi tó ti ń jowú Ẹṣin. Bí Ẹṣin bá kọrin báyìí, ọmọ rẹ̀ á sáré wá láìsí okùn lọ́rùn. Ẹ gbè é:

"Ọmọ mi dà o?"

"Ó ń bọ̀ wálé."

Ọmọ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í dáhùn. Owú ń jẹ ìyá rẹ̀ lọ́kàn. Ó jí ṣaworo Ẹṣin, ó jí koríko rẹ̀, ó jí orin náà pàápàá. Pàbó ló já sí.

Ló bá ní oògùn ni Ẹṣin ń lò.

Ẹṣin ní, "Bí ọmọ rẹ bá dé, kí lo máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo máa ń ta á nípàá, torí ó pẹ́."

"Èmi máa ń lá tèmi lójú."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó fi ń ta ọmọ nípàá. Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ń sáré wálé wá gba ìpá?