Tíṣà Tó Ń Gé Etí

Ọkùnrin kan wà, bíríkìlà ni, ní ìlú kan tí mo gbé lẹ́yìn tí mo kúrò ní Jẹ́bà. Ẹni tó bá rin ilẹ̀ tó èmi á ti rí òmùgọ̀ baba lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ìwà òmùgọ̀ tiẹ̀ yìí jọ ọgbọ́n. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ọmọ náà kì í fẹ́ jẹun. Baba á ti ibi iṣẹ́ dé, sìmẹ́ńtì á ṣì wà lára ẹ̀, ọmọ á máa wo oúnjẹ bí ẹni ń wo egbò. Ó ti rẹ baba, kò lókun ẹ̀bẹ̀. Ló bá dá ọgbọ́n kan.

"Jẹ ẹ́ o! Tíṣà ń bọ̀. Ọmọ tí ò bá jẹun, etí ẹ̀ ni tíṣà máa ń gé."

Wéré, ọmọ á ki òkèlè bọ ẹnu. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ baba. Ọmọ ò fẹ́ wẹ̀, ó ké sí tíṣà. Ọmọ ò fẹ́ sùn, ó ké sí tíṣà. Odindi ọdún kan ni tíṣà fi bá a tọ́mọ, tíṣà ò sì mọ̀.

Nígbà tó yá, ó tó àkókò àtilọ jẹ́lé-ó-sinmi. Baba yìí múra. Ó ra bàtà, ó ra báàgì, ó ra ike omi. Ó kọ́ ọmọ ní oókan, eéjì, dé ogún. Ó kọ́ ọ ní a, b, d, títí ọmọ fi ń pè é lójú oorun. Kò síbi iṣẹ́ tí kò ti fọ́nnu pé ọmọ òun ti mọ̀wé kó tó délé ìwé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n dé géètì. Tíṣà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, na ọwọ́ sí ọmọ. Ọmọ figbe ta. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó ki orí sáàárín ẹsẹ̀ baba ẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdè, bákan náà. Ilé ìwé ọ̀hún ní òfin: ọmọ tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta kọ̀ tí kò wọlé, wọ́n á fi àyè ẹ̀ fún ẹlòmíì, torí àwọn tó ń dúró pọ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdè, baba jágbe mọ́ ọn.

"Ìbídùn, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Mo ra bàtà, ò ń ké. Mo ra báàgì, ò ń ké. Dákẹ́! Tó ò bá dákẹ́, màá pe tíṣà fún ẹ báyìí!"

Tíṣà wò ó. "Bàbá Ìbídùn, tíṣà wo lẹ fẹ́ pè? Èmi náà rèé."

Ọmọ yọ ojú díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti jẹun. Ẹ má gé etí mi."

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu géètì. Ìyá kan ní, "Háà, bàbá yìí! Ẹ ti sọ tíṣà di alápatà!" Baba wá ibi tó máa fojú sí, kò rí.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó síwájú ọmọ, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. "Wá bá mi ka etí àwọn ọmọ yìí. Tó bá dín ẹyọ kan, kó o máa bá bàbá ẹ lọlé."

Ọmọ ń kà, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí pé. Ó yíjú sí baba ẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Bàbá, irọ́ ni." Ó sì wọ kíláàsì, kò bojú wẹ̀yìn.

O rò pé ó parí síbẹ̀? Baba náà rò bẹ́ẹ̀.

Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé wọn, ẹnu ẹ̀ ò ga ju kókósẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ń ṣeré lọ síbẹ̀.

Baba pariwo, "Kúrò ńbẹ̀! Wàá já sínú ẹ̀!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Irọ́ ni, Bàbá." Ó tún sún mọ́ ọn.

Baba fò dìde, ó sáré, ó fi aṣọ fa ọmọ sẹ́yìn; díẹ̀ báyìí ló kù kí ọwọ́ ẹ̀ má bá aṣọ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó to búlọ́ọ̀kù yí kànga ká, ó mọ ọ́n ga dé àyà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi mọ odi síbi tí gbólóhùn kan ì bá tó, ká ní ọmọ ṣì gbà á gbọ́.

Ìwọ náà ńkọ́? Ọmọ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì gbọ́ ohùn ẹ láàárọ̀ yìí nígbà tó ń ta pá tí ò fẹ́ wọṣọ: "Jẹ́ kí n fà ẹ́ lé tíṣà lọ́wọ́, ojú ẹ á là!" Kí ni tíṣà fi ṣe ẹ́? Bàtà tó o rà dáa, mi ò ní kò dáa. Ṣùgbọ́n mú ọmọ lọ kí tíṣà lónìí, kí wọ́n mọjú ara wọn. Fi ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ hàn án. Tí kò bá sì fẹ́ wọṣọ, ìwọ lo bí i, ìwọ ni kó o bá a fà á. Yéé fi orúkọ ẹlòmíì ṣe pàṣán.